Ṣé ìpínlẹ̀ lè dá ilé ìwòsàn àkànṣe sílẹ̀ kúrò nínú owó orí ilé ìwòsàn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìwòsàn ìmúbọ̀sípò aládàáni kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣe ìṣirò owó. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù àti àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ la ń tọ́jú. A kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, a kò ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àwọn tó ń lo Medicaid (ètò ìlera tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún àwọn aláìní) kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, bí ìpínlẹ̀ ṣe ń gba owó orí lórí owó-ìwọlé àwọn ilé ìwòsàn ńlá náà ló ń gbà á lórí tiwa. Àwọn ọ̀gá wa ní kí n kọ ìwé tí a ó gbé lọ bá àwọn aṣòfin, pé kí wọ́n dá ilé ìwòsàn àkànṣe sílẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tí ẹ rò pé ó gbe ẹjọ́ yín, pé àwọn oní-Medicaid kò pọ̀ lọ́dọ̀ yín, gan-an ni òfin ìjọba àpapọ̀ yóò fi ta kò yín. Bí ẹ bá fi gbólóhùn yẹn ṣáájú nínú ìwé yín, agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ Medicaid ìpínlẹ̀ yín kò ní kà á dé ojú ewé kejì.

Ẹ wo bí owó náà ṣe ń rìn ná. Ìpínlẹ̀ á gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn, á fi ṣe ìpín tirẹ̀ nínú ìnáwó Medicaid. Ìjọba àpapọ̀ á wá fi ìpín tirẹ̀ lé e: ó kéré tán 50% ìnáwó náà, kò sì gbọdọ̀ ju 83% lọ fún ìpínlẹ̀ tó tálákà jù. Ní ti àwọn àgbàlagbà tí òfin ìlera ọdún 2010 mú wọ Medicaid, 90% ni ìjọba àpapọ̀ ń san. Lẹ́yìn èyí ni ìpínlẹ̀ á dá owó tó ti wú yìí padà fún àwọn ilé ìwòsàn, ní owó àfikún lórí ìtọ́jú àwọn oní-Medicaid. Alaska nìkan ni ìpínlẹ̀ tí kò gba irú owó orí yìí lọ́wọ́ ẹ̀ka ìlera kankan. Ilé ìwòsàn tí oní-Medicaid kún inú rẹ̀ á gba ju ohun tó san lọ. Tiyín á san púpọ̀, á gba díẹ̀. Ẹ̀dùn yín kì í ṣe àsọdùn, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí náà ló rí.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ rèé. Ṣáájú ọdún 1991, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń gba owó orí lọ́wọ́ kìkì àwọn tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n á dá a padà fún, kí owó ìjọba àpapọ̀ lè máa wọlé láìsí ẹni tó pàdánù kọ́bọ̀. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ fi òfin Public Law 102-234 dí ihò náà lọ́dún 1991. Àlàyé òfin ọ̀hún wà nínú 42 CFR (ìwé àkójọ ìlànà ìjọba àpapọ̀), láti orí 433.50 dé 433.74, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi sórí tábìlì yín. Ohun mẹ́ta ló béèrè lọ́wọ́ owó orí ìlera. Kó kárí gbogbo aládàáni tó wà ní ìsọ̀rí kan náà. Kó jẹ́ iye kan náà fún gbogbo wọn. Kí ìpínlẹ̀ má sì ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ohun tó san ni yóò gbà padà.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí yẹn ló máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin to àwọn ìsọ̀rí náà lẹ́sẹẹsẹ: ìtọ́jú aláìsàn tó sùn sí ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́jú aláìsàn tó ń wá tó ń lọ jẹ́ ọ̀kan, ilé ìtọ́jú arúgbó jẹ́ òmíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìsọ̀rí kankan tó ń jẹ́ ilé ìwòsàn ìmúbọ̀sípò. Aláìsàn tó sùn lọ́dọ̀ yín wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣí àyà rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn nílùú. Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ bá yọ yín, owó orí náà kò kárí mọ́, àfi kí ìpínlẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ CMS, ilé iṣẹ́ àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicaid àti Medicare, ètò ìlera àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá yọ yín láìgba ìyọ̀ǹda, CMS á yọ gbogbo owó orí náà kúrò nínú ìnáwó Medicaid ìpínlẹ̀ kó tó ṣírò ìpín tirẹ̀. Kò sí kọmíṣọ́nnà tó máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí ilé ìwòsàn kan.

Ẹ ṣọ́ra fún àpẹẹrẹ tí kò bá tiyín mu. Bí ẹ bá rí i pé ìpínlẹ̀ yín ti dá ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba sílẹ̀, tàbí ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí. Aládàáni nìkan ni òfin ní kí owó orí kárí, kò béèrè ìyọ̀ǹda kankan láti yọ ti ìjọba.

Ó wá kan ìdánwò tí CMS ń lò. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan náà ni gbogbo àwọn tó ń san ń san, tó jẹ́ pé ẹnì kan tàbí méjì nìkan ni wọ́n fẹ́ yọ, ìṣirò P1 àti P2 ni. P1 ni ìdá tó ti ọ̀dọ̀ Medicaid wá nínú owó-ìwọlé tí owó orí yóò bá bí ó bá kárí gbogbo ilé ìwòsàn. P2 ni ìdá kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Ẹ pín P1 sí P2. Bí ó bá jẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, CMS á fọwọ́ sí i láìjanpata.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní owó-ìwọlé aláìsàn gbogbo ilé ìwòsàn aládàáni ní ìpínlẹ̀ kan jẹ́ 1,000 mílíọ̀nù dọ́là, tí 200 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì ti ọ̀dọ̀ Medicaid wá. P1 jẹ́ 20%. Ilé ìwòsàn yín ń pa 50 mílíọ̀nù, 2 mílíọ̀nù péré ló jẹ́ ti Medicaid. Bí wọ́n bá yọ yín, ó ku 950 mílíọ̀nù, Medicaid ku 198. P2 di 20.84%, ìpín P1 sí P2 sì di 0.96. Ẹ ti kùnà. Yíyọ ẹni tí kò ní Medicaid ti mú kí ẹrù náà tẹ̀ sórí Medicaid sí i, ohun tí òfin 1991 wá dènà gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n fi ilé ìwòsàn ìgbèríko kan kún un, tó ń pa 40 mílíọ̀nù tí 12 nínú rẹ̀ jẹ́ Medicaid, ìpín náà á gòkè sí 0.98. Kò tó síbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fi ilé ìwòsàn ọmọdé kan tì yín, tó ń pa 60 mílíọ̀nù tí 33 nínú rẹ̀ jẹ́ Medicaid, ó ku 890 àti 165, P2 di 18.54%, ìpín náà sì di 1.08. Ẹ yege.

Ibi tí ẹjọ́ yín wà nìyẹn. Ẹ kò lè dá nìkan jáde, ẹ ní láti bá ẹni tí Medicaid pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde pọ̀. Mò ń bọ̀ wá sórí ìdí tí onítọ̀hún lè fi kọ̀.

Àyè kan tún wà láàárín 0.95 sí 1. Bí ìpín náà bá bọ́ sí àárín yẹn, CMS lè fọwọ́ sí i bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí òfin dárúkọ nìkan ni ìpínlẹ̀ yọ: ilé ìwòsàn ìgbèríko, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí àdúgbò ní, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, èyí tó jẹ́ ti HMO (ilé iṣẹ́ adójútòófò ìlera), tí HMO náà sì ń darí fúnra rẹ̀, èyí tí kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn rárá, àti èyí tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, bí òfin ìpínlẹ̀ bá sọ bí a ṣe ń dá a mọ̀, tí wọn kò sì ju 10% àwọn ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti ìjọba lọ. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìtọ́jú ti ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn kò kàn yín. Ẹ ò rí ìmúbọ̀sípò níbẹ̀. Ẹ ò rí ilé ìwòsàn aláìsàn ọlọ́jọ́-pípẹ́, ẹ ò rí ti jẹjẹrẹ. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, ká ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ni yín, 0.96 yẹn ì bá tó yín. Àmọ́ bí ilé ìwòsàn méjì tó rí bẹ́ẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìpín á wálẹ̀ sí 0.92, orúkọ wọn kò ní gbà wọ́n mọ́.

Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní ẹ̀dùn kan tó yàtọ̀ sí tiyín, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ má baà ya ọ̀rọ̀ wọn lò. Medicaid kì í sábà san owó ìtọ́jú ẹni ọdún 21 sí 64 nínú ilé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ju 16 lọ. Òfin àpapọ̀ ló dí wọn lọ́nà owó Medicaid, wọn ì báà fẹ́ gba aláìsàn náà tàbí wọn kò fẹ́. Ní tiyín, kò sí òfin tó dí yín lọ́nà. Aṣòfin tó gbọ́n á bi yín pé kí ló dé tí oní-Medicaid ò fi pọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ sì ní láti ní èsì lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

Bí ìpínlẹ̀ yín bá ti ń gba iye tó yàtọ̀ síra lọ́wọ́ onírúurú ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, ìṣirò mìíràn ni wọ́n máa lò, B1 àti B2. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà ni. Ẹ to gbogbo ilé ìwòsàn ìsọ̀rí náà sínú Excel: òpó kìíní ni iye Medicaid ọ̀kọ̀ọ̀kan (owó bí ó bá jẹ́ owó-ìwọlé ni owó orí wà lórí rẹ̀, ọjọ́ bí ó bá jẹ́ ọjọ́), òpó kejì ni ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san nínú àpapọ̀ owó orí bí ó bá kárí tó sì dọ́gba, òpó kẹta ni ìdá tí yóò san lábẹ́ ètò tí ẹ ń béèrè. Ẹni tí a dá sílẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdo. Fọ́ńṣọ̀n SLOPE á fún yín ní B1 láti ara òpó kejì, B2 láti ara òpó kẹta. B1 pín sí B2 gbọ́dọ̀ tó 1. Ohun tó máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni ilé ìwòsàn ńlá kan ṣoṣo tí ọjọ́ Medicaid rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ: òun nìkan ló máa ń fa ìlà náà síbi tó bá wù ú. Àṣìṣe kékeré nínú iye tirẹ̀ lè yí èsì gbogbo ìpínlẹ̀ padà. Ẹ yẹ iye tirẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ti ẹnikẹ́ni.

Títí di ọdún 2025, ẹni tó bá yege ìdánwò yìí ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin Public Law 119-21, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025, fi ohun méjì kún un. Àkọ́kọ́ wà ní abala 71117. Ó ní owó orí tó bá yọ ẹnì kan tàbí tó gba iye tó kéré lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé Medicaid rẹ̀ kéré kò lè gba ìyọ̀ǹda, ìṣirò ì báà yege. Ó tún ní bí ìpínlẹ̀ bá tilẹ̀ lo àpèjúwe mìíràn tí kò dárúkọ Medicaid, bí àbájáde rẹ̀ bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, kò gbà á. Akọ̀wé òfin tó bá kọ "ilé ìwòsàn tí oní-Medicaid rẹ̀ kò tó 5%" ti pa àbá náà kó tó bí i. Ẹni tó bá kọ "ilé ìwòsàn tí Medicare fún ní nọ́ńbà ìmúbọ̀sípò" ní àǹfààní tó sàn jù, àmọ́ bí gbogbo ilé ìwòsàn ìmúbọ̀sípò ìpínlẹ̀ yín bá jẹ́ ẹlẹ́ni-díẹ̀ ní ti Medicaid, CMS lè wo àbájáde, kó ní ọ̀kan náà ni. Lójú tèmi, ìdí tó lágbára jù tí ẹ fi ní láti bá ẹni tí Medicaid pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde pọ̀ nìyí. Bí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ bá jẹ́ àdàlù, ó ṣòro láti sọ pé nítorí Medicaid tó kéré ni wọ́n ṣe yọ wọ́n.

Èkejì wà ní abala 71115. Ìpínlẹ̀ kò lè gbé owó orí ìsọ̀rí kan ga ju ibi tó wà lọ́jọ́ tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin náà lọ. Fún ìpínlẹ̀ tó mú àwọn àgbàlagbà òfin 2010 wọ Medicaid, òkè tí owó orí ilé ìwòsàn lè dé, tó ti wà ní 6% owó-ìwọlé aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, á máa wálẹ̀: 5.5% ní ọdún ìnáwó 2028, 5% ní 2029, 4.5% ní 2030, 4% ní 2031, 3.5% láti 2032 lọ. Ọdún ìnáwó 2028 ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2027. Ìpínlẹ̀ tí kò mú wọn wọlé kò sí nínú ìdínkù yìí, ibi tí owó orí wọn wà ló máa dúró sí.

Wisconsin jẹ́ kí a rí bí ọjọ́ yẹn ṣe le tó. 1.8% ni owó orí ilé ìwòsàn wọn wà. Gómìnà fọwọ́ sí ìsúná tó gbé e dé 6% lóru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2025, ọjọ́ kan ṣáájú kí ilẹ̀kùn tó tì. Wisconsin náà ló ní àpẹẹrẹ tó wúlò fún yín jù, nítorí bí wọ́n ṣe kọ òfin wọn. Wọn kò kọ pé "a dá ẹni báyìí sílẹ̀". Wọ́n túmọ̀ irú ilé ìwòsàn tí owó orí bá, wọ́n sì yọ ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kúrò nínú ìtumọ̀ náà. Àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko kékeré ní owó orí tiwọn lọ́tọ̀.

Ti California ń fa àwọn ènìyàn mọ́ra, ẹ má tètè dà á kọ. Owó ilé ìwòsàn tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2009, tí àwọn olùdìbò sì sọ di ti títí láé nípasẹ̀ Proposition 52 lọ́dún 2016, yọ ilé ìwòsàn ìjọba, ti ìgbèríko kékeré, ti ọlọ́jọ́-pípẹ́, àti èyí tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkànṣe nínú ìròyìn ìnáwó tó ń fún ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún, àfi àwọn díẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí aláìsàn sùn ni wọ́n ń gba owó lé, iye tí wọ́n ń gbà lórí ọjọ́ oní-Medicaid sì ga ju ti àwọn mìíràn lọ. Abala 71117 kọ irú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé òfin California síwájú aṣòfin lónìí, ilé tí wọ́n fẹ́ tún kọ́ ló ń ya àwòrán rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ ṣírò ohun tí ìdásílẹ̀ yóò fún yín ní tòótọ́. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa, ẹ ní owó orí jẹ́ 4%. Ẹ̀yin ń san 2 mílíọ̀nù dọ́là. Gbogbo ìpínlẹ̀ ń san 40 mílíọ̀nù. Bí ìpín ìjọba àpapọ̀ bá jẹ́ 60%, 40 mílíọ̀nù yẹn á di 100 mílíọ̀nù owó àfikún, ìyẹn sẹ́ǹtì 50 lórí dọ́là Medicaid kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí Medicaid yín jẹ́ 2 mílíọ̀nù á gba 1 mílíọ̀nù padà. Àdánù yín lọ́dún jẹ́ 1 mílíọ̀nù, kì í ṣe 2. Bí òfin ìpínlẹ̀ yín bá sọ pé ẹni tó ń san nìkan ló ń gba owó àfikún, ìdásílẹ̀ á gba 2 là fún yín, á sì gba 1 lọ́wọ́ yín. Ọ̀gá tí wọ́n ti sọ fún pé 2 mílíọ̀nù ń bọ̀ á bínú nígbà tó bá rí 1.

Ẹ wá wo ilé ìwòsàn ọmọdé tí ẹ fẹ́ bá kẹ́gbẹ́. Ó ń san 2.4 mílíọ̀nù, ó ń gba 16.5 padà. Kí ni yóò fi ìdásílẹ̀ ṣe bí yóò bá pàdánù owó àfikún? Àfi kí àbá òfin yín ya ọ̀ràn méjèèjì sọ́tọ̀: kí ẹni tí a dá sílẹ̀ kúrò nínú owó orí ṣì máa gba owó àfikún tó tọ́ sí i. Òfin àpapọ̀ kò dènà ìyẹn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí yóò máa dá san owó náà lè dènà rẹ̀, wọ́n sì ní agbẹnusọ nílé aṣòfin jù yín lọ. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó lọ bá aṣòfin kankan. Wọ́n sábà máa ń lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe ń kọ òfin owó orí yìí, wọ́n sì ní ìṣirò gbogbo ènìyàn lọ́wọ́.

Ìbéèrè tí aṣòfin máa bi yín ni pé mélòó ni ìpínlẹ̀ máa pàdánù. Yíyọ ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn ọmọdé pọ̀ á gba 4.4 mílíọ̀nù lọ nínú owó orí. Owó ìjọba àpapọ̀ tó ń tẹ̀lé e jẹ́ 6.6 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ 11 mílíọ̀nù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí alátakò yín ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Níwọ̀n bí òfin tuntun ti fi òkè lé owó orí náà, àyè tí ìpínlẹ̀ ní láti fi tàwọn yòókù dí ihò náà ti há.

Ní ti ìwé, ẹ wá àwọn wọ̀nyí jáde: láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀, lẹ́tà tí Medicare fi fún yín ní nọ́ńbà, ìròyìn ìnáwó Medicare (fọ́ọ̀mù CMS-2552-10) ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìṣirò owó tí àwọn olùṣàyẹ̀wò ti buwọ́ lù, àti ìwé owó orí tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà Medicare yẹn ń sọ irú ilé ìwòsàn tí ẹ jẹ́ láìsí àríyànjiyàn. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 3025 sí 3099 ni ìmúbọ̀sípò, 2000 sí 2299 ni ọlọ́jọ́-pípẹ́ (tí ìpíndọ́gba ọjọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀ ju 25 lọ), 3300 sí 3399 ni ti ọmọdé, 4000 sí 4499 ni ti àrùn ọpọlọ, 1300 sí 1399 ni ti ìgbèríko kékeré. Ẹ̀ka ìmúbọ̀sípò tó wà nínú ilé ìwòsàn gbogboogbò kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sínú ìtumọ̀ tí ẹ bá kọ. Bí ẹ bá kọ "ilé ìwòsàn tó ń ṣe ìmúbọ̀sípò" lásán, gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka rẹ̀ á fẹ́ wọlé, ìṣirò yín á sì wó.

Iye owó-ìwọlé aláìsàn wà ní Worksheet G-3, ìlà 3. Ọjọ́ àti iye aláìsàn wà ní Worksheet S-3, apá kìíní. Òpó Title XIX ni Medicaid. Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Àwọn ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó Medicaid san fún máa ń bọ́ sínú òpó mìíràn lọ́wọ́ akọ̀wé tí kò fara balẹ̀, Medicaid yín á wá kéré ju bó ṣe rí lọ. Owó-ìwọlé àwọn dókítà tí ẹ gbà síṣẹ́ wà ní ìsọ̀rí mìíràn nínú òfin, kò yẹ kí owó orí ilé ìwòsàn bá a. Owó páàkì ọkọ̀, ilé oúnjẹ, àti ilé tí ẹ fi rẹ́ǹtì kì í ṣe owó aláìsàn. Mo ti rí i nínú ìwé àwọn ènìyàn pé àtúnṣe irú ọ̀hún nìkan dín owó orí wọn kù láìsí òfin tuntun kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Àyè láti tako iye tí ìpínlẹ̀ fi ránṣẹ́ kì í pẹ́ tì. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé náà lọ́jọ́ tó bá dé.

Ẹ tún wo ohun tí ìpínlẹ̀ yín ń gba owó lé. Tiyín jẹ́ owó-ìwọlé, ó dára bẹ́ẹ̀. Ní ibi tó bá ti jẹ́ ọjọ́ tí aláìsàn sùn ni wọ́n ń kà, ilé ìwòsàn àkànṣe ló máa ń fara gbọgbẹ́ jù: aláìsàn ìmúbọ̀sípò ń sùn bí ọjọ́ 12 sí 13, owó tí ọjọ́ kan ń mú wá lọ́dọ̀ yín kò sì tó ti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí ìpínlẹ̀ yín yí sí ọjọ́, ẹ tètè dìde. Ní Texas, kò sí owó orí ilé ìwòsàn kan tó kárí gbogbo ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbà á sínú àpò tiwọn, nítorí náà àwọn ará wa tó wà ní Houston á bá ìgbìmọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ronú àti lọ bá àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Austin.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Bí ìdásílẹ̀ bá ṣòro, àwọn kan á dábàá pé kí àwọn ilé ìwòsàn tó jèrè máa rọra dá owó padà fún àwọn tó pàdánù láàárín ara wọn, láìsí ìwé ìpínlẹ̀ nínú rẹ̀. CMS kọ̀wé ní oṣù kejì ọdún 2023 pé òun ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí ìlérí àpadàgbà tí òfin kọ̀. Texas gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí CMS ṣe lọ́dún 2024 ní kí àwọn ilé ìwòsàn tó ń gba irú owó àfikún kan buwọ́ lù ú pé àwọn kò sí nínú irú rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un láti ọdún 2028. Oníṣirò owó tó bá fọwọ́ sí ìwé yẹn lórí irọ́ ti ti orúkọ ara rẹ̀ bọ iná.

Àbá tó rọrùn ju ìdásílẹ̀ lọ lè wà. Ẹ lè béèrè pé kí ìpínlẹ̀ gbé owó tó ń san lórí oní-Medicaid tó nílò ìmúbọ̀sípò ga. Ìyẹn kò kan P1 àti P2 rárá, ó fún yín ní ìdí láti gba oní-Medicaid sí i, àwọn ilé ìwòsàn ńlá á sì tì yín lẹ́yìn, nítorí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á gbé aláìsàn wọn lọ kí bẹ́ẹ̀dì lè ṣófo. Bí ìpínlẹ̀ yín bá sì wà lára àwọn tí òkè owó orí wọn ń wálẹ̀, ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa san ní 2032 kí ẹ tó fi owó agbẹjọ́rò ṣòfò. Ilé ìwòsàn tó ń san 6% lórí 50 mílíọ̀nù ń san 3 mílíọ̀nù báyìí. Ní 3.5%, 1.75 ló máa san. Owó àfikún náà á dín kù pẹ̀lú rẹ̀ o, àmọ́ ẹni tó ń pàdánù ni ìdínkù ń ṣe lóore.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, iṣẹ́ náà kọjá kí aṣòfin dìbò. Ilé iṣẹ́ Medicaid ìpínlẹ̀ ló máa kọ ìwé ìyọ̀ǹda sí CMS, ọjọ́ kìíní ìdá kan nínú mẹ́rin ọdún (oṣù mẹ́ta-mẹ́ta) tí CMS gba ìwé náà sì ni ìyọ̀ǹda lè ti bẹ̀rẹ̀, kò lè ṣáájú rẹ̀. Ìwé tó dé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Èyí tó dé ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù keje ni. Oṣù mẹ́ta owó orí wà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ jẹ́ kí àbá òfin yín fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ìdásílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bí CMS kò bá fọwọ́ sí i, kí ìpínlẹ̀ má baà bẹ̀rù. Títí di ìgbà náà, ẹ máa san owó orí yín lásìkò, ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé bí gbèsè tó dájú. Olùṣàyẹ̀wò kò ní gbà kí ẹ yọ ọ́ nítorí àbá òfin tó ṣì wà lórí tábìlì.